Ejò tí mi ò rí, WC tí mo sanwó ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ìdájí Tọ́sìdeè tó kọjá, gbogbo ilé wa ní Agric, Ìkòròdú níbí, ló jí nítorí mi, àwọn kan mú ọmọ odó dání, àwọn kan mú àdá, èmi fúnra mi wà láàárín ọgbà pẹ̀lú táwẹ̀lì tí ò dì dáadáa.

Lọ́dún 2021 ni ìròyìn kan jáde láti Àbújá pé ejò ṣán obìnrin ọmọ ogun òfúrufú kan nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó sì gba ibẹ̀ kú, kí Ọlọ́run forí jì í. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jókòó sórí WC bí ọmọlúàbí mọ́. Màá tan tọ́ọ̀ṣì wò ó, màá fi igi ìgbálẹ̀ lu ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, màá fọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lófo, kí n tó wá jókòó, ìyẹn náà, ìdajì ìdí ni. Àwọn àgbà ní ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló á sá. Èmi ò tiẹ̀ rí ejò láàyè rí, àfi èyí tí àwọn tó ń ta oògùn ní gáréèjì máa ń gbé kọ́rùn.

Ìdájí ọjọ́ yẹn, kò síná, inú ń run mí (ẹ̀wà àná ni, mi ò ní purọ́), bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo gbọ́ tí nǹkan ń ṣe gúlúgúlú nínú páìpù. Mo ní sèbé rèé. Mo yọ́ padà sí kíṣìnì, mo gbé kẹ́tùrù kaná, mo dúró tì í pẹ̀lú inú rírun títí omi fi hó yaya, mo wá da gbogbo ẹ̀ sínú WC lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kàn gbọ́ "pàá!"

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Mo kọsẹ̀ lára bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo forúnkún gbá ilẹ̀kùn, mo ń ké "Ejò! Ejò!" Ìyá Ṣàdíátù tó ń ṣàlùwàlá lọ́wọ́, dípò kó bi mí pé ṣé ó ṣán mi, ó ní, "Ṣé o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni? Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lóru, okùn ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é!" Ni mo bá yí ariwo padà sí "Okùn ilẹ̀! Okùn ilẹ̀!" Sísítà kan lókè rò pé okùn táa fi ń sáṣọ ló já, ó sáré wá kó pátá ẹ̀.

Kí n tó mí délẹ̀, ejò náà ti ní ìtàn. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní paramọ́lẹ̀ ni, Brọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ ní ojòlá ni, ẹnì kan tiẹ̀ ti rí ìrù ẹ̀, àṣé rọ́bà omi ni. Ni Brọ̀dá oníkẹ̀kẹ́ bá wọ yàrá mi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì fúẹ̀lì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ dà á sínú ihò ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àbẹ́là tó ń jó wà lọ́wọ́ òsì. Kò sẹ́ni tó ní kó rọra o. Ńṣe la tò sẹ́yìn ẹ̀ gbágbáágbá kí ejò má baà rí wa.

Láńlọ́ọ̀dù ló gbà wá. Ó rí omi tó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó kígbe "WC mi!", ó já àbẹ́là gbà kó lè ríran wò ó dáadáa. Ó ti là látòkè délẹ̀.

Nígbà tí púlọ́ńbà dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní táńgáran tútù lẹ da omi híhó sí, ṣé kò ní là ni? Pé gúlúgúlú tí mo gbọ́, sóòkáwéè ló ti kún. Bó ṣe ń jáde lọ ló rí kẹ́ẹ̀gì fúẹ̀lì tí wọ́n ti dá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lú kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ṣì ń rú èéfín nítòsí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ò bà yín lẹ́rù?"

Mo ní ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

Inú bí mi. Mo wọ Google lálẹ́ kí n lè rí nǹkan fi pa á lẹ́nu mọ́, mo sì rí i: àjọ WHO ní ejò ń pa tó 81,000 sí 138,000 èèyàn lọ́dún lágbàáyé. Ẹ ò rí nǹkan! Àmọ́ mo kà á síwájú, inú oko ni ọ̀pọ̀ wọn wà, kì í ṣe orí WC. Ibà ẹ̀fọn ńkọ́? Ó pa èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 lọ́dún 2023, orílẹ̀-èdè wa nìkan ló sì ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún, èmi tí mò ń gun ọ̀kadà wọ wáńwéè lọ sí Sábó láì dé akoto. Ẹ̀fọn mẹ́ta ti jẹ mí kí n tó kà á tán. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wa, mo fi sọgbà ewédú.

70,000 náírà ni WC tuntun pẹ̀lú owó iṣẹ́. Mo ṣì ń tan tọ́ọ̀ṣì wò ó, omi gbígbóná nìkan ni mo fi sílẹ̀. Mo sì ti gbọ́ràn sí púlọ́ńbà lẹ́nu, mo ti gbé fúẹ̀lì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó wà ní kíṣìnì báyìí, lẹ́yìn sílíńdà gáàsì.