Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Bu Àgúnmu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ egbòogi, ọ̀rọ̀ oògùn ale ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ni wọn yóò fi wá yín jù, òun náà ni mo sì fi ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù lọ.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, ọkùnrin kan wọlé, ó wẹ̀yìn wò, ó wá rọra ní, "Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i, nǹkan ọmọkùnrin mi ti ń kú lọ." Ojú ń tì í, ojú ń ti èmi náà. Mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu àgúnmu fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló padà dé, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó bi í. Ó ní òùngbẹ kì í jẹ́ kí òun sinmi, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹrin-ẹ̀ẹ̀marùn-ún lòun ń dìde tọ̀ lóru. Mo ní kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni àrùn náà fi ń ba iṣan ìmọ̀lára àti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lójú mi, tí mo ń fi àgúnmu bò ó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹjọ́ méjì ló máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ọkùnrin kan wà tí ọkàn rẹ̀ kì í fà sí ìbálòpọ̀ mọ́. Òmíràn wà tí ọkàn rẹ̀ ń fà á, àmọ́ tí ara kò dáhùn. Ti àkọ́kọ́ lè wá láti inú ìrònú, àìsùn, ìjà ilé, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń lò, tàbí kí testosterone, họ́mónù ọkùnrin, ti lọ sílẹ̀. Ti ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìfẹ́ bá dé, àwọn iṣan ìmọ̀lára á tú nitric oxide, afẹ́fẹ́ kan tí ara ń ṣe, jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ inú nǹkan ọmọkùnrin, ìyẹn ló ń mú un le. Àwọn mẹ́ta tó ṣàwárí pé nitric oxide ń jíṣẹ́ nínú òpó ẹ̀jẹ̀, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Ọdún yẹn kan náà ni Viagra, oògùn ale òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò fún àyà dídùn, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àyà yẹn kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ nǹkan ọmọkùnrin tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, nítorí náà bí ọ̀rá bá ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, nígbà mìíràn ní ọdún mélòó kan ṣáájú kí àyà tó ké. Ọkùnrin tó wá bá yín fún ale lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ránṣẹ́ sí yín.

Ní ti àwọn egbòogi fúnra wọn, mo kà, mo sì tún kà. Maca, gbòǹgbò tó ń hù lórí òkè Andes ní Peru, jẹ́ kí ọkàn àwọn ọkùnrin kan tún máa fà sí ìbálòpọ̀ nínú àwọn ìdánwò kéékèèké, ṣùgbọ́n kò gbé testosterone wọn sókè. Ginseng, gbòǹgbò ilẹ̀ Asia, lè ran líle lọ́wọ́ díẹ̀; ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ ti ẹnu yín gbà á. Tribulus, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan, ni wọ́n ń pariwo jù pé ó ń gbé testosterone sókè, nígbà tí wọ́n sì dán an wò lára ọkùnrin, kò rí bẹ́ẹ̀. Yohimbe, èèpo igi inú igbó Cameroon àti Gabon, ní agbára tòótọ́: yohimbine inú rẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń kọ fún aláìsàn kí Viagra tó dé. Àmọ́ ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú àyà lù kìkì, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru gan-an ló sì pọ̀ nínú àwọn tó ń wá a. Èmi ò bù ú fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgúnmu tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Ewé àti egbò kì í sábà yára bẹ́ẹ̀. Láàárín 2007 sí 2016, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àfikún oúnjẹ 776 tí oògùn tí a kò kọ sára wọn wà nínú wọn. 353 nínú wọn jẹ́ ti agbára ìbálòpọ̀, sildenafil, ìyẹn oògùn inú Viagra, ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Bí ẹni tó ń lo nitrate, irú tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n nítorí àyà dídùn, bá gbé irú àgúnmu bẹ́ẹ̀ mì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì kú. Ara paali, "ewé nìkan" ni wọ́n kọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá mú irú rẹ̀ wá tó ń yìn ín, ẹ ní kó dá a dúró. Bí ó bá sì ní nǹkan ọmọkùnrin òun le, tí kò rọ̀ fún ohun tó ju wákàtí mẹ́rin lọ, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Mo máa ń ti ilẹ̀kùn báyìí, mo máa ń jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń le láàárọ̀ tí ẹ bá jí? Oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé àyà ń dùn yín? Ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò kẹ́yìn? Àwọn kan ń bínú pé oògùn làwọn wá gbà. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bínú tán, kí n tó tún béèrè.