Ẹni Tó Ta Tíkẹ́ẹ̀tì Lè Má Ni Bàálù

Bí mo bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò òkè òkun báyìí, iye owó kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìlà kékeré kan máa ń wà lábẹ́ nọ́ńbà bàálù, wọ́n á kọ "Operated by" síbẹ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n bá dárúkọ níbẹ̀ ló máa gbé mi fò, orúkọ yòówù tí ì báà wà lókè tíkẹ́ẹ̀tì.

Codeshare ni wọ́n ń pe ètò yìí. Iléeṣẹ́ méjì á jọ ṣàdéhùn pé kí ọ̀kan máa fi nọ́ńbà tirẹ̀ ta àyè nínú bàálù èkejì. Delta lè ta àyè fún yín nínú bàálù KLM, kí nọ́ńbà yín sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DL. Ṣùgbọ́n káńtà KLM lẹ máa lọ ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo ti rí àwọn tó tò pẹ́ níwájú káńtà ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, tí wọ́n wá ní kí wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kejì.

Ètò náà dára o. Bí gbogbo ìrìn àjò bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ tí èkejì fi gbéra láìsí yín níbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ náà ló máa wá òmíràn fún yín. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú, àpò ara rẹ̀ ló máa tọwọ́ bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí òfin àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì lè má bára mu. Ẹ wá 1PC (ẹrù kan) tàbí 2PC (ẹrù méjì) lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ gbowó ẹrù kejì lọ́wọ́ mi rí; mo fi 2PC hàn án, ó pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gbé e wọlé. Bí ìrìn àjò bá bẹ̀rẹ̀ tàbí parí sí Amẹ́ríkà, òfin ibẹ̀ ni pé ìlànà ẹrù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi parí rẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èrò kò fura sí ni owó gbà-má-bínú. Lábẹ́ òfin 261/2004 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí bàálù bá fi wákàtí 3 pẹ́ dé nítorí ohun tó wà níkàáwọ́ iléeṣẹ́ náà, èrò lè gba 250 sí 600 yúrò. Bí ẹ bá ń ti Yúróòpù gbéra, gbogbo iléeṣẹ́ ló mú. Bí ẹ bá ń ti ìta wọ ibẹ̀, iléeṣẹ́ Yúróòpù nìkan ló mú, ẹni tó gbé bàálù fò ni wọ́n sì ń wò. Ẹ wo New York sí Frankfurt: nọ́ńbà Lufthansa (ti Jámánì) lórí bàálù United (ti Amẹ́ríkà), òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ yín. Nọ́ńbà United lórí bàálù Lufthansa, ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ò rí nǹkan!

Bí ẹrù bá bàjẹ́, Àdéhùn Montreal ti 1999, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìn àjò òfuurufú, gbà yín láyè láti dojú kọ èyíkéyìí nínú iléeṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé láàárín ọjọ́ 7.

Kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì oní-lẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bá fún yín lè má ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì ẹni tó ni bàálù. Ẹ béèrè tiwọn kí ẹ tó yan ìjókòó. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ wo iye tí àwọn méjèèjì ń ta àyè kan náà. Kì í sábà dọ́gba.