Mo Ka Ìwé, Mi Ò Ka Orí

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń bi mí léèrè iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn rìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, mo fẹ́ràn kí n máa rìnrìn àjò." Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Láti ọdún 2014 ni mo ti ń bá ọkọ̀ akérò lọ láti Èkó sí Accra. Èmi ni mo ń gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ èrò, tí mo ń kó o lọ gba òǹtẹ̀, tí mo sì ń dá a padà fún oníkálukú. Ìrìn ò tó nǹkan níbẹ̀, ìdúró ló pọ̀. Ibodè mẹ́ta lẹ máa kọjá: Sẹ̀mẹ̀ láàrin Nàìjíríà àti Benin, Hillacondji, àti Aflao láàrin Tógò àti Gánà. Bí ọkọ̀ bá fi lè dúró wákàtí méjì lójú oòrùn, ẹ̀yin lèrò máa dojú ìbínú kọ.

Hillacondji, níbi tí Benin ti bá Tógò pààlà, ni ojú mi ti là. A dé ibẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, mo ní kí kálukú padà sọ́kọ̀ ní aago méjì. Nígbà tó tó, mo ka pásípọ́ọ̀tù inú báàgì mi: 49, ó pé. Mo ní kí dírẹ́bà máa lọ.

Ó di Aflao kí n tó rí ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tó ń gbé ìrẹsì ọ̀fàdà lọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àyà mi já. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè fa síìpù báàgì. Bàbá wà lẹ́yìn, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀ ò sì wọlé. Èrò kan ní ká fi í sílẹ̀, òmíràn ní kí wọ́n mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wọn kọjá, ẹ dúró dè mí lódì kejì." Mo kó ìwé tó kù lé dírẹ́bà lọ́wọ́, mo wọ takisí padà sí Hillacondji.

Mo bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta àkàsà, ó ń jẹ ẹja díndín. "Ọmọ mi, aago méjì géérégé ni mo dé, mi ò bá yín." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Wákàtí kan ni Tógò fi wà lẹ́yìn Benin. Fóònù bàbá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tógò, ó ti fúnra rẹ̀ yí aago padà. Èmi tí mo ti mọ̀ látọjọ́ yìí náà ni mo sọ aago fún èrò! Láti ọjọ́ náà, "ọgbọ̀n ìṣẹ́jú" ni mo máa ń sọ níbẹ̀, mi ò dárúkọ aago mọ́. Mo sì máa ń fọwọ́ kan ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí n ka orí kí n tó ka ìwé.

Torí náà, bí wọ́n bá ní ọlọ́kàn líle niṣẹ́ yìí ń fẹ́, mi ò gbà. Àwọn géńdé tí mo bá ṣiṣẹ́, àwọn ló kọ́kọ́ ń bá ọ̀gá ibodè jà. Jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Ṣé ẹnu rẹ lè dúró jẹ́ẹ́ kó béèrè ohun tó kàn? Faransé díẹ̀ àti Ègùn á gbà ọ́ ju igbe lọ. Má ṣe aláìní ṣẹ́ńjì sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, lápò, kí o sì yẹ yẹ́lò káàdì èrò, ìyẹn ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, wò kí ẹ tó kúrò l'Ékòó.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ibodè pa. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀, Gánà, tí àwọn náà ti ti tiwọn pa nítorí Kòrónà, ò sì ṣí i títí di oṣù Kẹta 2022. Àkàrà ni mo ń dín nígbà náà. Mo ṣì ń dín in lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò bá kàn mí.