Àbàrá Òrùka, ìdánwò kẹrin: òwìwí bà á jẹ́

Aago méjì òru ti kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ túká nídìí D&D ni, eré ìtàn tí à ń fi dáìsì ṣe lórí tábìlì, tí mo ń dán ọfọ̀ tí mo fúnra mi ṣe wò níbẹ̀. Páálí tí a tẹ ọfọ̀ eré náà sí ti dé láti Ṣómólú. Wọ́n nípọn, wọ́n ń dán, àmọ́ ẹni tó gé wọn kò gé wọn dọ́gba: kí ẹ tó fa ọ̀kan yọ, ọwọ́ yín á ti mọ èwo ni. Mi ò lè torí ogún páálí lọ bá oníṣẹ́ ìtẹ̀wé jà.

Àbàrá Òrùka gan-an ni wàhálà mi. Ẹ rántí pé ọfọ̀ ipele kejì ni: oṣó á súnmọ́ ọ̀tá, á fọwọ́ olórùka gbá a. Bó bá bà á, a ó ju dáìsì olójú mẹ́wàá márùn-ún, iye tó bá mú ni ọ̀tá á fi ṣèṣe. Bó bá tàsé, méjì á padà sára oṣó. HP (iye ẹ̀mí) 20 péré ni oṣó wa tó wà ní ipele kẹta ní, mo wá rò pé ẹ̀rù á máa bà á.

Mo ti gbàgbé òwìwí. Àbúrò tó ń ṣe oṣó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo fẹ́ gbá a o. Ẹyẹ mi ni." Mo ṣí ìwé òfin D&D ti 2014 tí à ń lò, òótọ́ ni. Ọfọ̀ tí wọ́n bá kọ "touch" (ìfọwọ́kàn) sí, ẹyẹ tí èèyàn fi ọfọ̀ Find Familiar pè lè báni jẹ́ ẹ, bí kò bá ti jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Òwìwí tún ní Flyby: ó fò wọlé, ó gbá ọlọ́ṣà tí à ń bá jà létí, ó fò jáde, idà ò bà á. HP 1 ló ní. Bó bá kú, wúrà 10 àti wákàtí kan lé díẹ̀, òmíràn ti dé. Ewu tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pò, wúrà 10 ni wọ́n fi rà á!

Mo ní kí n fòfin de òwìwí, gbogbo wọn hó lé mi lórí, wọn ò sì jẹ̀bi. Ìgbà tí mo lọ mu omi ni mo rántí ọfọ̀ Vampiric Touch: "self" (ara ẹni) ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹyẹ ò lè bá ẹnikẹ́ni jẹ́ ẹ. Mo fi báírò fa igi lé "touch" lórí Àbàrá Òrùka, mo kọ "self" síbẹ̀. Nínú fíìmù olóògùn wa náà, ta lẹ ti rí tó rán ẹyẹ lọ gbáni létí? Ẹni tó wọ òrùka ló ń dúró níwájú ọ̀tá.

Oṣó fúnra rẹ̀ wá súnmọ́ ọlọ́ṣà. AC (agbára ìdáàbòbò) ọlọ́ṣà jẹ́ 15, pẹ̀lú àfikún tí oṣó ní, dáìsì olójú ogún gbọ́dọ̀ mú 10 kó tó bà á. 9 ló mú. Méjì tó padà sára rẹ̀ mú 8 àti 9. Ó ku HP 3, ọlọ́ṣà sì wà níwájú rẹ̀ gbalaja. Àbúrò ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ó ti yanjú, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á padà, ọmọ yẹn sanwó lẹ́ẹ̀mẹta: ọfọ̀ lọ, ara bó, ó tún dúró sẹ́nu idà. Ìdúró yẹn nìkan tó. Mo ti yọ èyí tó ń padà sára kúrò. Dípò rẹ̀, ẹni tó bá gbá àbàrá, ó bà á tàbí kò bà á, kò ní reaction (ìṣe kan téèyàn lè fi fèsì nígbà tí kò tíì kàn án) títí yóò fi tún kàn án. Ìyẹn ni pé kò sí Shield, ọfọ̀ ààbò tí reaction ni wọ́n fi ń pè é. Misty Step, ọfọ̀ tí wọ́n fi ń pòórá lọ síbòmíràn, náà ò ṣeé fi sá nígbà kan náà: ìwé ò gbà á pọ̀ mọ́ irú ọfọ̀ yìí.

Páálí méje ló kù tí ẹ̀yìn wọn ṣófo. Báírò ni màá fi kọ tuntun síbẹ̀ kó tó di Sunday.