Àwo 19, Ohùn Márùn-ún: Bí Ọdún 2025 Ṣe Rí fún Mi

Ìpinnu kan ṣoṣo ni mo mú ṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní, mo ní màá gbọ́ gbogbo àwo orin tí Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Birmingham ní England, lọ kọ ní sítúdíò, ní ẹsẹẹsẹ, láìfo ọ̀kankan, láti orí èyí tó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1970 títí dé orí èyí tí wọ́n pè ní 13, tó jáde ní 2013. Àwo 19 ni. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ àti bí mo bá ń padà bọ̀ láàárọ̀. Èyí tí kò bá yé mi, màá tún un gbọ́.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ yìí, mo sì wá rí i pé ìdajì ohun tí mo ń torí rẹ̀ jiyàn ni n kò gbọ́ rí. Ìyẹn ló bí ìpinnu náà.

Ní 1988, ní Mókọ́lá, Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi gba téèpù kan lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò ní páálí. Bírò ni wọ́n fi kọ Heaven and Hell sí i lára. Màmá wa kò gbọdọ̀ rí i, torí orúkọ ẹgbẹ́ náà nìkan ti tó ẹ̀rí fún wọn pé orin èṣù ni. Bí wọ́n bá lọ sí ìpàdé àdúrà ni a máa ń gbọ́ ọ, a ó yí ohùn rédíò wálẹ̀, a ó fi etí lé e bí ẹni tí ń gbọ́ àṣírí. Ohùn Ronnie James Dio, akọrin wọn lórí àwo náà, ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sì rò pé òun ló ni ẹgbẹ́ náà. Ìgbà tí mo dé Birmingham ní 2009 ni mo tó pàdé àwọn tí wọ́n bí sí àdúgbò tí ẹgbẹ́ náà ti jáde, tí wọ́n sì wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì nígbà tí mo dárúkọ Dio ṣáájú Ozzy Osbourne, akọrin wọn àkọ́kọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá aláwọ̀ funfun kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó fi ogún ọdún ó lé jù mí lọ. Àwọn yòókù ń pe orúkọ rẹ̀ ní ṣákálá, ẹnu tèmi kò gbà á. "Bàbá" ni mò ń pè é, ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ní Aston, àdúgbò kan ní Birmingham, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Lójú tirẹ̀, Sabbath parí lọ́dún 1978 pẹ̀lú àwo kẹjọ, nítorí lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lé Ozzy, tí Dio sì gba ipò rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àgbà tí ń jiyàn lórí Obey àti Sunny, tàbí lórí Barrister àti Kollington, yóò mọ irú ìjà yìí. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé Obey ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Sunny sì ní tirẹ̀. Ti Sabbath, orúkọ kan náà ni, onígìtá kan náà ni, akọrin ló ń yí padà. Bí o bá yọ orin bíi méjì tí Bill Ward onílù fi ẹnu ara rẹ̀ kọ, akọrin márùn-ún ni ẹgbẹ́ náà ní lórí àwo 19 yẹn: Ozzy, Dio, Ian Gillan, Glenn Hughes àti Tony Martin.

Tony Iommi, onígìtá náà, ni kò kúrò rí. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì ní ilé iṣẹ́ irin kan, ní ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ̀rọ gé náà ló sì fi ń tẹ okùn gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló fún un ní rẹ́kọ́ọ̀dù Django Reinhardt, ẹni tí iná jó ọwọ́ rẹ̀ tó sì ń fi ìka méjì ta gìtá, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì parí. Iommi yọ́ ike, ó fi ṣe dé orí ìka náà. Ó wá okùn tó fẹ́lẹ́. Nígbà tó di àwo kẹta, Master of Reality, 1971, ó ti dẹ okùn náà wálẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìró tó wúwo, tó jinlẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kárí ayé wá ń kọ́, inú ọgbẹ́ yẹn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Bàbá ṣe irú iṣẹ́ yẹn nígbà èwe rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kejì, bí a ti ń mu tíì, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi kí n rí àpá tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ìlú.

Ohùn Ozzy kì í ṣe ohùn ńlá. Ó tín-ín-rín, arò sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ orin wọn Iron Man dáadáa: ọ̀nà tí gìtá bá tọ̀ ni ohùn náà ń tọ̀. Bí gìtá gòkè, á gòkè. Bí ó sọ̀, á sọ̀. Etí Yorùbá tí mo gbé wá láti ilé ló là mí lójú sí i. Ó dà bí ìgbà tí ìyá ìlù ń fọhùn, tí ẹnì kan dúró tì í tó ń fi ẹnu tú ohun tó ń sọ. Olóhùn ńlá kò lè ṣe é, nítorí yóò fẹ́ kí gìtá yà lọ́nà fún òun. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ pé Ozzy kò lè kọrin, iṣẹ́ tí wọn kò gbé fún un ni mo ń fi díwọ̀n rẹ̀.

Geezer Butler, tó ń ta gìtá béèsì, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orin wọn nígbà náà. Ilé Kátólíìkì ló ti dàgbà. Orin After Forever, tó wà lórí Master of Reality, ń gbèjà ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ní gbangba. Bàbá tó bí Ozzy ló sì fi irin rọ àgbélébùú tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Ozzy, Iommi, Geezer àti Ward, ń gbé kọ́rùn. Ní ọjọ́ Àjíǹde, mo ṣe àlàyé gbogbo èyí fún màmá wa lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà fún àwọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi nígbà yẹn." Mo ka èyí mọ́ àwọn ohun tó dára jù tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún yìí.

Mo dé orí Heaven and Hell ní oṣù kẹrin. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, àṣé ohùn Dio nìkan ni mo mọ̀, n kò fetí sí ohun tí Iommi ń ṣe lábẹ́ rẹ̀. Nínú orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà, bí Dio bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ orin, gìtá á fà sẹ́yìn, béèsì Geezer á máa rìn nísàlẹ̀, ohùn á wá dúró láàárín gbọ̀ngàn bí akéde tí ọba rán níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu Dio, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Iommi kò kàn gba akọrin tuntun láti wá jókòó sórí àga ẹni tó lọ. Ó tún ọ̀nà tó ń gbà kọ orin ṣe, kí àyè lè gba irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti Bàbá, tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí, rò pé akọrin méjì ni àwọn ń jà sí. Iommi méjì ni.

Lórí Gillan àti Hughes, n kò ní pẹ́. Born Again ti 1983 ní orin tó dáa, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ dà bí ohun tí a ń gbọ́ láti inú yàrá kejì. Seventh Star ti 1986, àwo Iommi nìkan ló yẹ kó jẹ́, ilé iṣẹ́ àwo ló fẹ́ kí orúkọ Black Sabbath wà lára rẹ̀. Ohùn Hughes dùn gan-an níbẹ̀. N kò kàn gbọ́ Sabbath nínú rẹ̀ ni.

Tony Martin ni mo jẹ ní gbèsè jù lọ. Ọmọ Birmingham ni. Àwo márùn-ún ló kọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà, Dio kọ mẹ́ta, síbẹ̀ bí àwọn olólùfẹ́ Sabbath bá ń jiyàn, Martin ni wọ́n máa ń fò. Bó ṣe wọlé gan-an kò rọrùn: Ray Gillen, akọrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ti kọ gbogbo orin The Eternal Idol tán kó tó kúrò, Martin ló wá tún un kọ, àwo náà sì jáde ní 1987. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwo ìgbà rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lọ́jà, títí wọ́n fi kó mẹ́rin nínú wọn jọ lọ́dún 2024 lábẹ́ orúkọ Anno Domini. Ẹnì kan kò lè fẹ́ ohun tí kò rí gbọ́.

Headless Cross ti 1989 ni mo gbọ́ jù lọ lọ́dún yìí, ju Paranoid lọ, ju Heaven and Hell lọ. Cozy Powell ló ń lu ìlù, ìlù náà sì ń bọ̀ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ńlá. Ohùn Martin mọ́ ṣaka lókè, ó sì ní ìbànújẹ́ kan nísàlẹ̀ tí Dio kò ní. Orúkọ àwo náà, orúkọ àdúgbò kan ni ní Redditch, gúúsù Birmingham. Ní Sunday kan ní oṣù kẹwàá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Ilé, igi, àwọn èèyàn tó ń mú ajá wọn rìn kiri. Mo fi àwo náà sétí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí mo ti ń rìn, inú mi sì dùn débi pé n kò mọ̀ pé òjò ti pa mí.

Forbidden ti 1995 ni gbogbo ayé ń bú. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo gbọ́ èyí tí Iommi tún ìró rẹ̀ ṣe fún àkójọ 2024. Ìlù ti ní ẹran lára nínú ti kejì. Àwọn orin náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu Martin ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí tún gbé iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ wá, ìyẹn àwọn àwo tí wọ́n ṣe lábẹ́ orúkọ mìíràn. Lọ́dún 2009, Iommi, Geezer, Dio àti Vinny Appice onílù ṣe The Devil You Know, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ náà ní Heaven & Hell. Àwọn mẹ́rin yìí kan náà ló ṣe Mob Rules ní 1981 àti Dehumanizer ní 1992 gẹ́gẹ́ bí Black Sabbath. Bí Seventh Star, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn olùdásílẹ̀ wà lórí rẹ̀, bá jẹ́ àwo Sabbath, kí ló dé tí èyí kò fi jẹ́ ogún wọn? Mo fi í kún tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pẹ̀lú mi, Bàbá kò gbà. Ní ti àwo méjì àkọ́kọ́ tí Ozzy dá ṣe, Blizzard of Ozz àti Diary of a Madman, ẹ̀gbọ́n mi pàápàá bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí Randy Rhoads, onígìtá tí jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú pa ní oṣù kẹta ọdún 1982, ní ọmọ ọdún 25.

Ọjọ́ 5 oṣù keje, Sabbath ṣe eré ìdágbére ní Villa Park, pápá bọ́ọ̀lù tó wà ní Aston níbẹ̀. N kò rí tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé Bàbá ni a ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ogún ọdún ti kọjá tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jọ ṣeré kẹ́yìn. Orí ìtẹ́ ni Ozzy jókòó sí, àìsàn Parkinson kò jẹ́ kó dìde. Nígbà tó ń kọ Mama, I'm Coming Home, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń lépa rẹ̀, ó ń bá a. Bàbá dojú kọ fèrèsé. Orin mẹ́rin ni Sabbath kọ, gbogbo wọn láti orí àwo méjì tí wọ́n ṣe ní 1970. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn rẹ̀, ní 22 oṣù keje, Ozzy kú. Ẹni ọdún 76 ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Olórin tí kò lóhùn ni ẹ ń sunkún lé lórí báyìí." N kò fèsì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni n kò bá a sọ̀rọ̀, kò sì ṣẹlẹ̀ láàárín wa rí.

Ní 30 oṣù keje, bí a ti jáde níbi iṣẹ́ alẹ́, èmi àti Bàbá lọ dúró ní Broad Street, nítòsí afárá tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ náà pè. Àwọn afọnfèrè ló ṣáájú òkú Ozzy, wọ́n ń fun Iron Man. Kò sí akọrin níbẹ̀. Obìnrin tó dúró níwájú wa, ọmọdé tó gùn lé ọrùn bàbá rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ń fi ẹnu kọ ohùn gìtá. Mo gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, mo sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Ó ní, "Àbúrò mi, má bínú." Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ pa Dio, kò sí ẹnì kan lágbègbè rẹ̀ tó mọ ẹni tó kú. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò pè é lọ́sẹ̀ yẹn. Ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ọ́fíìsì, ó gbọ́ Children of the Sea lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wọlé lọ síbi iṣẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo àwo tí mo bá gbọ́, òun náà ń gbọ́ ọ ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, a ó sì pe ara wa ní ọjọ́ Saturday. Ó ti gbọ́ Headless Cross. Ó ní Martin kò tó Dio, ṣùgbọ́n òun ti gbà á sórí fóònù òun.

Lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló kàn: Holy Diver ti Dio, Plastic Planet ti Geezer, Fused tí Iommi ṣe pẹ̀lú Hughes, èyí tí Bill Ward dá ṣe ní 1990. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa yan àkọ́kọ́. Bàbá ń bọ̀ nílé mi ní aago mẹ́jọ alẹ́ òní, kí n tó lọ síbi ìsìn àìsùn. Ó ní òun yóò mú Born Again dání, pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ti ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é.