Lẹ́sẹ̀ Àwọn Ère Lorado Taft ní Illinois

Ohun tí ó gbé mi dé Washington Park, ní ìhà gúúsù Chicago, ni ère kan tí wọ́n ń pè ní Fountain of Time. Lorado Taft ni ó mọ ọ́n. Elmwood ní Illinois ni a ti bí i ní ọdún 1860, ó sì kọ́ṣẹ́ ní Paris kí ó tó padà wá di olùkọ́ ní Art Institute ti Chicago. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó wà lára ère náà, ọmọdé, arúgbó, olólùfẹ́ àti jagunjagun orí ẹṣin, tí gbogbo wọn ń ya lọ níwájú Àkókò, ẹni tí ó faṣọ borí, tí ó dúró sí òdìkejì omi tí ń wò wọ́n. Wọ́n ní ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún àlàáfíà láàárín Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì ni, ṣùgbọ́n ìkánjú ni èmi rí lójú wọn. Ẹ má gbàgbé láti yí i ká dé ẹ̀yìn, nítorí Taft fi ara rẹ̀ sáàárín wọn níbẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì káwọ́ sẹ́yìn.

Kọnkéré ni ère náà, nítorí pé owó òkúta mábù ti pọ̀ jù. Láti ọdún 1922 tí wọ́n ti ṣí i ni òtútù Chicago ti ń bá a jà: omi a wọ inú ihò rẹ̀, a dì, a sì là á, títí wọ́n fi ní láti tún un ṣe.

Síbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni mo kà sí jù. Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn fún ìpàtẹ àgbáyé ti ọdún 1893, ó béèrè lọ́wọ́ Daniel Burnham, ọ̀gá àwọn tí ń kọ́lé ìpàtẹ náà, bóyá òun lè gba àwọn obìnrin tí òun ń kọ́ síṣẹ́. Burnham fèsì pé kí ó gba ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣe é, ìbáà ṣe ehoro funfun. Orúkọ yẹn mọ́ àwọn obìnrin náà lára, Janet Scudder àti Bessie Potter sì wà nínú wọn, àwọn méjèèjì tí wọ́n di gbajúmọ̀ amọ̀ère lẹ́yìn náà.

Láti Chicago mo wakọ̀ gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Oregon, ní Illinois kan náà, létí odò Rock, níbi tí Taft àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1898. Ère kọnkéré tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 48 dúró lórí òkè níbẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà. John Prasuhn, ọ̀dọ́ amọ̀ère tí ń bá Taft ṣiṣẹ́, ló darí dída kọnkéré náà nínú òtútù, wọ́n sì ṣí i ní 1911. Black Hawk ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ olórí àwọn Sauk, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó bá ìjọba Amẹ́ríkà jagun ní 1832, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojú rẹ̀ ni Taft mọ. Gbogbo àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó ní lọ́kàn. Inú mi kò dùn tán sí i, nítorí àwọn tí ó gba ilẹ̀ náà ni ó ń ṣe ẹ̀yẹ fún àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, ẹ kọjá sí òdìkejì odò, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ kò ní rí ju ìṣẹ́po aṣọ lọ.