Ìdánwò sáà kẹta: ibi tí ìrẹ́jẹ ti ń wọlé

Oṣù keje ni ìdánwò àṣekágbá ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Okun. Tí èsì bá jáde tán, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó gbọ́ ní Kàbà, ní Mọpà, ní Ẹ̀gbẹ̀: "Tíṣà yẹn ò kàn fẹ́ràn ọmọ mi ni." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkórìíra kọ́ ló ń jẹ máàkì ọmọ jù. Ìbéèrè tí kò yéni, ìwé tí onítẹ̀wé bà jẹ́, olùkọ́ tó ti rẹ̀ tó ṣì ń máàkì ní agogo mọ́kànlá alẹ́: ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ ń gbà wọlé, láìsí ẹni tó ní in lọ́kàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó mú bírò.

Ẹ̀yin olùkọ́, inú ìwé ètò iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé ìdánwò èṣí. Ẹ kọ orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ fi kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ àti ajílẹ̀. Nínú 40 ìbéèrè, 12 ló tọ́ sí orí yẹn. Orí tó gba ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́rin ló tọ́ sí i. Bí a ò bá kà á báyìí, ọwọ́ wa á máa lọ síbi tí ìbéèrè ti rọrùn láti ṣẹ̀dá, ìyẹn "kí ni ìtumọ̀" àti "dárúkọ". Ọmọ tó há ìwé sórí á yege, èyí tó lóye iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lè há nǹkan sórí á fìdí rẹmi. Nínú 12 yẹn, ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí márùn-ún béèrè pé kí ọmọ lo ohun tó kọ́: ewé àgbàdo ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ló ṣeé ṣe kó ṣàìtó nínú ilẹ̀ náà?

Ìbéèrè yan-èyí-tó-tọ̀nà dà bí ohun tí kò lè ṣojúsàájú, àmọ́ àṣírí pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó dijú yan ìdáhùn nínú ìbéèrè 40 tó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin á gba bíi 10 láìmọ nǹkan kan. Èyí ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ni ká má tún fi ojú ọ̀nà han ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ìdáhùn tó tọ̀nà ló máa ń gùn jù, torí olùkọ́ fẹ́ kó péye. B àti C ni ọwọ́ wa sì máa ń fi ìdáhùn sí jù. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ka iye A, B, C, D tó wà nínú ìwé ìdáhùn yín. Tí C bá jẹ́ 19 tí A jẹ́ 3, ẹ tún un tò. "Gbogbo wọn ló tọ̀nà" kò dáa, nítorí ọmọ tó bá mọ̀ pé méjì tọ̀nà ti rí ìdáhùn láìmọ ìkẹta. Tí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ "èwo ni KÌ Í ṣe", ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ "KÌ Í" yẹn. Ìdánwò àkíyèsí ojú kọ́ là ń ṣe.

Ti Yorùbá tún ní wàhálà tirẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì wa ò ní C, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ń lo A, B, D, E. Tí ìwé ìdáhùn tí ọmọ ń kùn bá wá jẹ́ A, B, C, D, ọmọ tó yan ìdáhùn kẹta, tó ń jẹ́ D lórí ìbéèrè, á lọ kun D, tó jẹ́ ìkẹrin lórí ìwé ìdáhùn. Èyí tó bá yan E ò tilẹ̀ ní rí ibi tó máa kùn. Ẹ pinnu ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú pátákó kí aago tó lu.

Ní ti tíọ́rì, "dáhùn mẹ́rin nínú mẹ́fà" la fẹ́ràn, a sì rò pé àánú là ń ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀nà 15 ló wà láti yan mẹ́rin nínú mẹ́fà. Ìdánwò 15 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ gbé kalẹ̀ yẹn, ẹ sì fẹ́ fi wọ́n to àwọn ọmọ láti ìpò kìíní dé ìpò ìkẹyìn. Bí ìbéèrè karùn-ún bá le ju ẹ̀kẹta lọ, ẹni tó yan karùn-ún ti jìyà ohun tí kò mọ̀. Lójú tèmi, kí gbogbo wọn dáhùn ìbéèrè mẹ́rin kan náà, kí ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan kéékèèké. Bí yíyàn ò bá ṣeé fi sílẹ̀, ẹ sọ ìbéèrè kìíní di dandan, kí ẹ sì fún un ní máàkì tó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bèèrè ńkọ́? "Sọ̀rọ̀ lórí gbígbin iṣu (máàkì 15)" kì í ṣe ìbéèrè, pápá tí kò ní ọgbà ni. Ọ̀kan á kọ ojú ewé mẹ́ta, ìkejì á kọ ìlà mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí 15 wà fún. Ẹ sọ ọ́ di: "Kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún nínú gbígbin iṣu láti orí ebè kíkọ dé ìkórè (5). Sọ ìdí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan (5). Ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí iṣu fi ń bà jẹ́ nínú abà àti bí a ṣe lè dènà wọn (5)." Ìlànà ìmáàkì ti jáde nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀. Kí ẹ kọ ìlànà náà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ kọ ìbéèrè; èyí tí a kọ lẹ́yìn tí a ti ka ìwé márùn-ún ti tẹ̀ síbi tí ìwé márùn-ún yẹn tẹ̀ sí.

Ẹ jókòó, kí ẹ fúnra yín ṣe ìdánwò náà, kí ẹ kọ gbogbo ìdáhùn jáde. Ìlọ́po mẹ́ta àkókò yín ni kí ẹ fún ọmọ. Tó bá gbà yín ní ìṣẹ́jú 35, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 ni tiwọn.

Ìtàn inú ìṣirò náà kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ìdánwò kejì. Ọmọ Bùnú tí kò rí ọkọ̀ ojú irin rí á kọ́kọ́ máa ro bí ó ṣe rí. Kajú tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò, ebè, gálọ̀ọ̀nù epo pupa, gbogbo ọmọ ló mọ ìwọ̀nyẹn.

Ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé wá ni ibi tí iṣẹ́ rere ti ń bà jẹ́. Ẹ gbé fáìlì Word lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà wọn ò ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn á pòórá. "Oko", "ọkọ" àti "ọkọ̀" á di nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yín ń sọ pé kí ọmọ fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ gba ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ yẹ àwòrán wò, kó tó tẹ 60 tó kù. Ẹ tẹ márùn-ún sí i lórí iye ọmọ, torí ìwé tí ojú ewé kejì rẹ̀ funfun kì í tán. Oṣù keje náà ni òjò, ẹ sì mọ bí òjò ṣe ń pariwo lórí páànù. Ìdánwò tí ọmọ gbọ́dọ̀ fetí gbọ́, bíi àpèkọ, òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ fi sí.

Ó wá ku ìmáàkì. Ní 1912, Daniel Starch àti Edward Elliott ní Yunifásítì Wisconsin fi ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà. Máàkì tí wọ́n fún ìwé kan ṣoṣo yẹn lọ láti 64 dé 98 nínú 100. Kò sẹ́ni tó kórìíra ọmọ náà, wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Nítorí náà, ẹ má máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ìbéèrè kìíní dé ìkẹyìn. Ẹ máàkì ìbéèrè kìíní fún gbogbo kíláàsì, ẹ da ìwé rú, kí ẹ tó bọ́ sórí ìkejì. Ọmọ tó ṣe dáadáa nínú kìíní kò ní fi ògo rẹ̀ gba ẹ̀bùn nínú ìkejì. Ìwé tó bá wà lẹ́yìn márùn-ún tí kò dára máa ń dà bíi wúrà. Tí ẹ bá da ìwé rú, kì í ṣe ọmọ kan náà ni oríire yẹn á máa bá. Orúkọ, kó wà lójú ewé àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, kí ẹ lo nọ́ńbà. Nínú ìlú tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ olóyè àti ọmọ onílé ẹni ti ń jókòó ní kíláàsì kan, èyí ò pọ̀jù. A lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni á fà wá padà.

Nínú ìṣirò, ẹ ya máàkì ọ̀nà sọ́tọ̀ sí máàkì ìdáhùn. Oko kan jẹ́ mítà 40 sí 25: (a) wá ìwọ̀n ilẹ̀ náà, máàkì 2, (b) bí ebè kan bá gba mítà onígun mẹ́rin kan, tí ebè kọ̀ọ̀kan gba èbù iṣu kan, tí èbù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦150, èló ni èbù tó máa kún oko náà, máàkì 3. Ìdáhùn ni 1,000 àti ₦150,000. Ọmọ kan kọ 40 × 25 = 900, ó wá fi 900 ṣe (b) dáadáa, ó rí ₦135,000. Ọ̀nà rẹ̀ tọ́ nínú (a), 1. (B) rẹ̀ pé, 3. Mẹ́rin ni tirẹ̀. Olùkọ́ tó wo ìlà ìkẹyìn nìkan á fún un ní òdo.

Àròkọ Yorùbá gbẹgẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó ń sọ Òwé, Yàgbà tàbí Ìjùmú nílé á kọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sínú rẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò la ní kó kọ, a ò lè dijú sí i, ṣùgbọ́n ká mọ ibi tí ìyà rẹ̀ parí sí. Nínú 20, ẹ fún kókó ọ̀rọ̀ ní 8, ètò ní 4, èdè ní 5, àkọtọ́ ní 3. Ẹ̀ka-èdè, inú 5 yẹn nìkan ni kó ti jìyà, ọ̀rọ̀ kan náà sì kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bó tilẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Tí ẹ bá máàkì tán, ẹ yẹ ìbéèrè fúnra wọn wò. Nínú ọmọ 60, ẹ mú 16 tó gba máàkì jù àti 16 tó gbà kéré jù, ìyẹn bíi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìhà méjèèjì. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ iye ìsàlẹ̀ tó gbà á kúrò nínú iye òkè, kí ẹ fi 16 pín in. Tó bá wà lábẹ́ 0.2, ẹ fura sí i. Tí mẹ́fà lókè bá gbà á tí mọ́kànlá nísàlẹ̀ gbà á, −0.31 nìyẹn, ìdáhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe yín, ẹ tún gbogbo ìwé máàkì. Bí ìbéèrè náà ló yí, ẹ yọ ọ́ dànù fún gbogbo ọmọ, kí ẹ máa ka máàkì lórí 39. Àfikún máàkì márùn-ún fún gbogbo kíláàsì kì í tún ìbéèrè burúkú ṣe, ó kàn ń bo ojú rẹ̀ ni.

Kí ẹ tó kéde èsì, ẹ padà ka ìwé gbogbo ẹni tó wà láàárín máàkì méjì sí àlà: 38 dé 42, bí 40 bá jẹ́ ìyege. Gbogbo wọn, kì í ṣe ti ẹni tí ìyá rẹ̀ wá kí yín nìkan. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan máa pe máàkì láti orí ìwé, kí ẹlòmíràn máa wo ìwé èsì ńlá, nítorí 47 máa ń di 74 lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ kó ìwé àwọn ọmọ pamọ́ pẹ̀lú ìlànà ìmáàkì títí di ọ̀sẹ̀ kejì sáà tuntun. Òbí tó bá wá béèrè, ẹ fún un ní àga, kí ẹ ṣí méjèèjì síwájú rẹ̀.